Ramota Kò Tíì Parí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́jà ní ọjà Makola nílùú Accra, mo sì rò pé mo mọ bí a ṣe ń yan olórí. Lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà rọlẹ̀ ni mo tó rí i pé n kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ramota, tó ń ta ọṣẹ, ló pè mí sí àdúgbò Kokomlemle. Òun àti àwọn òbí kan ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ wọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ tàbí ti ara láti kékeré. Ilé ẹ̀kọ́ kan ti kọ̀ láti gba mẹ́fà nínú àwọn ọmọ náà. A fẹ́ lọ fẹ̀hónú hàn, ṣùgbọ́n a kò ní olórí.

Mo dábàá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ni Ramota, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, bá nawọ́ sókè. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀, a dúró dè é.

"Bàbá, ṣé wọ́n ti lé tíṣà yẹn kúrò nílé ẹ̀kọ́ rí?"

"Rárá o."

"Wọ́n ti lé èmi. Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ẹ̀rù ba ìyá rẹ̀. "Ramota, wọ́n á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

"Wọ́n ti ń fi mí ṣe é tẹ́lẹ̀, Màámi."

A dìbò, Ramota wọlé. Ìbò mẹ́rin péré ni tíṣà ní. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́: tèmi wà lára rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ramota fi kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní ìpèníjà bíi tirẹ̀ kí kálukú lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń fẹ́. Lọ́jọ́ tí a lọ, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà jáde, èmi ló kọjú sí.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́?"

"Olórí wa nìyí, Màdáámù. Ẹ bi í."

Ramota fi èdè Gà, èdè àwọn onílẹ̀ Accra, sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀. Obìnrin náà fẹ́ bá a parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ramota gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì parí."

Ọ̀gá náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Nínú gbogbo ìyanṣẹ́lódì tí mo ti bá àwọn ọlọ́jà ṣe, n kò tíì rí olórí tó ní irú ìgboyà yẹn.

Wọ́n gba ọmọ mẹ́rin. Àwọn méjì tí kò lè rìn ṣì wà nílé, nítorí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kíláàsì wọn. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ a tún ń padà lọ. Ramota ní òun kò ní sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Dede, ọ̀kan nínú àwọn méjì náà, ni yóò sọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, látorí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀, nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.