Ẹni Tó Ń Kí Mi Pẹ̀lẹ́ Nínú Èéfín

Bí ẹ bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, ọmọ ìjọ sì ni mí. Èmi kì í ṣe irú èèyàn tó máa ń sọ pé òun rí iwin lábẹ́ igi. Ohun tí etí mi gbọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ mi náà gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ìlú òyìnbó ló wà nígbà tó gbọ́ ọ. Ẹ fara balẹ̀, yóò yé yín.

Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìṣẹ̀. Ọkọ mi ló ra ilẹ̀ náà. Ó kọ́ ilé síwájú, ó sì fi ilé ìdáná àtijọ́ kan tó bá níbẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, páànù ló fi bo orí, èéfín ọjọ́ pípẹ́ sì ti sọ inú rẹ̀ di dúdú. Kọ́ọ̀bù tánganran funfun kan wà lórí ìṣó nínú rẹ̀. A bá a níbẹ̀ ni. A ò yọ ọ́, torí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Nígbà tí ọkọ mi kú, tí Fúnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókè òkun, ilé wá tóbi jù fún mi. Kí n má bàa máa jókòó wo ògiri, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yan gààrí tà. Gààrí mi dára, mi ò ní tìtorí ìrẹ̀lẹ̀ purọ́. Ó kúná, ó gbẹ, ó sì kan bó ṣe yẹ kó kan.

Ẹni tó bá ti yan gààrí rí mọ̀ pé ikọ́ wà nínú iṣẹ́ náà. Èéfín á wọ imú, omi á máa jáde lójú, wàá wúkọ́, wàá sì máa ro gààrí rẹ lọ. Torí náà, nígbà tí ikọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí lẹ́yìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí kò sì lọ, mo ní èéfín ni. Bí mo bá wà nínú ìsìn, màá gbé e mì. Bí oníbàárà bá dé, màá sá wọ ilé ìdáná, màá wú u tán níbẹ̀, kí n tó jáde wá pàdé wọn tẹ̀rín tẹ̀rín.

Ẹ má bi mí nídìí rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nílùú wa, bí ikọ́ bá ti pẹ́ lára èèyàn, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ya abọ́ rẹ sọ́tọ̀. Wọ́n á sún àga wọn sẹ́yìn, wọ́n á ní ooru ló ń mú àwọn. Ta ló máa ra gààrí lọ́wọ́ oníkọ́ ẹ̀gbẹ? Mo lọ sí kẹ́míìsì, mo ra oògùn ikọ́ olómi pupa. Nígbà tó tán, mo ra òmíràn.

Ó dùn mí, ká sọ òtítọ́. Láàárín àwa Yorùbá, èèyàn kì í wúkọ́ kí ẹni tó wà nítòsí má sọ pé pẹ̀lẹ́. Ọmọdé wúkọ́, pẹ̀lẹ́. Àlejò tí o ò mọ̀ rí wúkọ́ nínú mọ́tò, pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n èmi á wúkọ́ títí egungun ìhà mi á fi máa ro mí, gbogbo ilé á sì dákẹ́ lọ rọ́rọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, kùrukùru ti bo òkè Olósùnta débi pé a ò rí orí rẹ̀ mọ́. Oòrùn ò tíì wọ̀. Mo wà nídìí agbada gààrí mi. Ikọ́ gbé mi, mo wú u, mo wú u, mo di ògiri mú. Bí mo ṣe ń wá èémí, ẹnìkan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Pẹ̀lẹ́."

Ohùn obìnrin ni, ohùn tó ti gbẹ. Mo rò pé oníbàárà ni. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo yíjú padà. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sẹ́nì kankan. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, adìẹ ń tan ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Kọ́ọ̀bù orí ìṣó ń mì díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn kankan ò fẹ́.

Mo bu omi pa iná. Mo wọ ilé lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo ń ka Sáàmù títí ilẹ̀ fi ṣú. Gààrí ọjọ́ yẹn ṣòfò, mi ò tilẹ̀ rántí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo padà síbẹ̀. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín. Gbágùúdá tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n ti fún, kì í dúró de ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ikọ́ gbé mi, mo sì tún gbọ́ ọ: "Pẹ̀lẹ́." Bó ṣe di pé ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ nìyẹn. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò fọwọ́ kàn mí rí.

Ṣé kí n sọ èyí tí mi ò lè sọ fún pásítọ̀ wa? Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí o. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi kẹ́dùn nínú ọgbà yẹn.

Ọjọ́ Àìkú ni Fúnmi máa ń pè mí, lẹ́yìn ìsìn. Mo ti dá ọgbọ́n kan sí i. Bí ikọ́ bá ti ń bọ̀, màá tẹ ibi tó ń pa ohùn ẹni mọ́ lórí fóònù, màá wú u tán, màá wá ṣí i padà. Yóò rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Lọ́jọ́ Àìkú tí mò ń wí yìí, ilé ìdáná ni mo wà nígbà tó pè. Ikọ́ ọjọ́ náà pọ̀. Mo pa ohùn mọ́, mo ṣí i, mo tún pa á mọ́.

Fúnmi dá ọ̀rọ̀ tó ń sọ dúró. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Mọ́mì, ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Obìnrin kan ń kí yín pẹ̀lẹ́. Látìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀ ló ti ń kí yín. Kí ló ń ṣe yín?"

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo ti pa ohùn mọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo wúkọ́. Ọmọ mi ò gbọ́ ikọ́ kankan. Pẹ̀lẹ́ nìkan ló gbọ́.

Mi ò mọ irọ́ tí mo lè pa mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àfi ti obìnrin náà. Mo ní aládùúgbò ni. Fúnmi sunkún, ó tún bínú sí mi. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan pé ẹ ti lọ ni?" Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, mo ti wà nínú mọ́tò Adó.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò. Kò sí ikọ́ ẹ̀gbẹ níbẹ̀. Inú mi dùn. Inú dókítà ò dùn. Ọmọbìnrin kan báyìí ni, kò ju Fúnmi lọ. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n máa ń rí àmì láyà wọn, tí wọ́n á gbé e sórí ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí wọ́n á máa lo oògùn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ohun tó wà níbẹ̀ gan-an á sì máa dàgbà. Ó ní kí n lọ sùn sínú ẹ̀rọ ńlá tó rí roboto, èyí tó ń ya àwòrán àyà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá gé búrẹ́dì. Àwòrán náà fi kókó kan hàn láyà mi, wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ gígùn mú díẹ̀ lára rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Jẹjẹrẹ ni. Inú ẹ̀dọ̀fóró mi ló wà.

"Mi ò mu sìgá rí láyé mi," mo sọ fún un, bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

"Mo mọ̀, mà. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń ní i ni kò mu ún rí. Ṣé igi lẹ fi ń dáná?"

"Igi ni."

"Mi ò lè búra pé èéfín ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yan gààrí mọ́."

Ó ṣàlàyé fún mi pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe oríṣi kan. Láyé ìgbà kan, oògùn kan náà ni wọ́n máa ń fà sí gbogbo èèyàn lára. Nísinsìnyí wọ́n lè yẹ èyí tí wọ́n mú lára ẹni wò, kí wọ́n mọ ohun náà gan-an tó ń ti jẹjẹrẹ náà tó fi ń dàgbà. Tó bá bọ́ sí irú èyí tí wọ́n mọ̀, oògùn oníhóró wà tó ń dí i lọ́nà. Wọ́n máa fi tèmi ránṣẹ́ sí Èkó. Kí n lọ máa retí.

Ìretí yẹn, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká sọ ọ́. Ilé ò ní ohùn kankan. Mo sáà ń lọ jókòó nínú ilé ìdáná tí iná ò sí, torí pé níbẹ̀ nìkan ni ẹnìkan ti ń dá mi lóhùn.

Ọjọ́ kan ni mo sọdá lọ bá Ìyá Dúpẹ́, arúgbó tó ń gbé níwájú ilé wa. Wọ́n bí i sí àdúgbò náà. Mo bi í pé ta ló ni ilé ìdáná yẹn kí ọkọ mi tó ra ilẹ̀.

Ó bojú wẹ̀yìn kó tó dáhùn. "Obìnrin ará ìlú Àgbàdo kan ni, Tíṣà. Gààrí lòun náà ń yan. Ukọ́ ló pa á."

"Inú ilé ló kú sí?"

"Àwọn ẹbí rẹ̀ mú un kúrò nínú ulé tó wà níbẹ̀ nígbà náà. Ulé ìdáná yẹn ni wọ́n tẹ́ ẹní rẹ̀ sí, wọ́n fún un ní kọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ fún un. Kò sẹ́ni tó wọlé tọ̀ ọ́ láti kí i pẹ̀lẹ́."

"Ṣé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni lóòótọ́?"

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?" Ìyá Dúpẹ́ sọ. "Ukọ́ ni ukọ́."

Mo sunkún délé. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ kúrò lára mi, mo rò bẹ́ẹ̀.

Èsì dé láti Èkó. Orí bá mi ṣe é, ó bọ́ sí irú èyí tó ní oògùn. Fúnmi ló ń bá mi wá a. Hóró kan lóòjọ́ ni. Ó mú kí ara mi sú, ó mú kí n máa yàgbẹ́ gbuuru, ojú mi rí bí ti ọmọdé tó ní ìgbóná. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún sùn sínú ẹ̀rọ roboto yẹn, dókítà fi àwòrán méjèèjì hàn mí, ohun náà ti súnkì. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó wá ní kí n má gbàgbé: oògùn náà kì í pa á tán. Lọ́jọ́ kan, jẹjẹrẹ náà lè wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n á sì wá òmíràn. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ máa yà á wò.

Ikọ́ mi lọ. Ohùn náà lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ó yẹ kí n máa dúpẹ́, mo sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àárò rẹ̀ ń sọ mí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wọ ilé ìdáná, mo jókòó sórí àpótí mi, mo mọ̀ọ́mọ̀ wúkọ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tún wú u. Ojú ara mi tì mí, mo dìde kí n máa lọ.

Ẹnìkan wúkọ́ nínú kọ̀rọ̀, lábẹ́ kọ́ọ̀bù yẹn. Ikọ́ gbígbẹ, bí tèmi ṣe rí tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Pẹ̀lẹ́," mo sọ, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

"O ṣé," ó ní.

Mo rò pé ohun tó ń fẹ́ nìyẹn, pé yóò sinmi. Mo yọ kọ́ọ̀bù náà lórí ìṣó, mo fọ̀ ọ́, mo ti ilé ìdáná náà pa.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Fúnmi pè mí. Pálọ̀ ni mo wà, ilẹ̀kùn wà ní títì. À ń sọ̀rọ̀ ìrìn àjò rẹ̀ wá sílé lọ́wọ́ nígbà tí ohùn rẹ̀ yí padà.

"Mọ́mì, ikọ́ yẹn ti padà?"

"Rárá o."

"Ẹ má tún bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mò ń gbọ́ ọ. Ẹ ń wú u létí fóònù."

Mi ò wúkọ́. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò wúkọ́. Mi ò sì yíjú wẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n tún máa ya àyà mi wò. Mi ò mọ̀ bóyá ikọ́ obìnrin ará Àgbàdo yẹn ni ọmọ mi gbọ́, àbí tèmi tó ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ bá mi fi sádùúrà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wúkọ́ ní kọ̀rọ̀, tí ẹ ń gbé e mì níwájú èèyàn, tí ẹ ní èéfín ni, ọyẹ́ ni, ẹ jáde síta kí ẹ wú u. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ yín wò. Ẹ jẹ́ kí alààyè kí yín pẹ̀lẹ́, kó má lọ jẹ́ pé òkú ni yóò kọ́kọ́ kí yín.