Ìbéèrè Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Bi Ọ̀gá Wa

Ọdún mẹ́tàlélógún ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi lọ aṣọ nídìí tábìlì kan ṣoṣo, èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé, nílé alágbàfọ̀ tí àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, bí eṣinṣin bá bà lé e, yíyọ̀ ni yóò yọ̀ ṣubú.

Nígbà tó dé ọjọ́ orí tí nǹkan oṣù obìnrin máa ń dúró, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó lójijì, òógùn á sì rẹ ẹ́ látòkè délẹ̀. Ọ̀gá wa, obìnrin tó ń pín iṣẹ́ fún wa, sọ ọ́ di eré. "Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá o! Màmá àgbà ti tún ń jò!" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ níṣẹ́, tó ń pè é ní "ìwọ" báyìí! Lọ́jọ́ tí òógùn kán sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, ọ̀gá lé e kúrò nídìí tábìlì, ó ní kó lọ máa ṣa aṣọ ìdọ̀tí nínú yàrá ẹ̀yìn. Inú bí mi débi pé mo fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gba tábìlì rẹ̀ padà, ó sì fẹ́ kí ojú ti ẹni tó gbà á.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní họ́mòónù tó ti dín kù lára ni oògùn máa ń dá padà, àmọ́ oògùn ju oògùn lọ. Èyí tó jẹ́ họ́mòónù ẹ́sítírójìn nìkan wà fún obìnrin tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀, bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n yọ tirẹ̀ nítorí fáíbírọ́ìdì. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣì wà gbọ́dọ̀ fi họ́mòónù kejì, projẹ́sítírónì, kún un, torí ẹ́sítírójìn nìkan lè mú kí inú ilé ọmọ máa nípọn, kó sì di jẹjẹrẹ. Oníhóró wà, èyí tí wọ́n ń fi pa apá wà, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara náà wà. Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀gbọ́n mi, ó mú èyí tí wọ́n ń lẹ̀, torí oníhóró lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Láàárín oṣù méjì, òógùn lọ. Ọ̀gá ò dá a padà sídìí tábìlì.

Àfi bí ooru ṣe ká ọ̀gá fúnra rẹ̀ mọ́! Obìnrin tó máa ń búra pé òun ò tíì pé ogójì ọdún! Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ yàrá ẹ̀yìn bá ẹ̀gbọ́n mi àti èmi tí mo wá kó aṣọ, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lára èyí tí ẹ ń lẹ̀ yẹn. Mi ò lè lọ sí ọsibítù, ẹni tó mọ̀ mí á rí mi."

Ẹ̀gbọ́n mi yọ páálí oògùn jáde nínú báàgì. A jọ mọ̀ pé wọn ò yọ ilé ọmọ ọ̀gá. Mò ń sọ nínú ara mi pé, fún un, jẹ́ kó gbé e lọ. Mi ò ní parọ́, ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó gba àárín àwọn tó ń lọ aṣọ kọjá, ọ̀gá ń tẹ̀ lé páálí. Ó dúró nídìí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé.

"Ọ̀gá, kí n tó fún ẹ ní oògùn ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró yìí, dá mi lóhùn: ilé ọmọ ẹ ṣì wà?"

Gbogbo ọwọ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra sọ ọ́ . . ."

"A ò gbọ́."

"Ó wà."

"Kì í ṣe tìẹ nìyí o. Tó o bá lẹ̀ ẹ́, ó lè di jẹjẹrẹ sí ẹ lára. Lọ bá dókítà, kó fún ẹ ní oníméjì."

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá o!" Ẹ̀rín ta. Ọ̀gá fi ọwọ́ bojú, ó sá jáde. Inú mi dùn wọ eegun. Ẹ̀gbọ́n mi ti iná bọ áyọ́ọ̀nù, ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e.

Mo rọra bi í pé kí ló dé tí kò jẹ́ kó kàn gbé e lọ.

"Kó lọ kú kẹ̀?" Ó ń lọ kọ́là bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Rárá o. Mo fẹ́ kó pẹ́ láyé dáadáa, kó máa wọlé láràárọ̀, kó máa bá mi nídìí tábìlì yìí."