Òpó Kẹta Afárá Àtijọ́

Ẹni tó bá fẹ́ wo afárá àtijọ́ wa dáadáa, àárọ̀ ni kó wá, kí oòrùn tó mú irin rẹ̀ gbóná. Irin ló wà lókè, òkúta gbígbẹ́ ló wà nísàlẹ̀, òpó mẹ́rin ló sì dúró sínú odò bí àgbà tó ká ṣòkòtò sókè tí kò fẹ́ kí omi kan òun. Àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ló ní kí wọ́n kọ́ ọ, àwọn bàbá wa ló ru òkúta. Láti ìgbà tí ìjọba ti ṣe afárá tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ kì í gba orí rẹ̀ mọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ àti ọlọ́kadà ló ń gbà á, àti ewúrẹ́ tí kì í tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èsìẹ́ ni ọ̀pọ̀ àlejò ń lọ, láti wo àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán bọ̀ tí wọ́n rí afárá, wọ́n á ní kí awakọ̀ dúró. Wọ́n á ya fọ́tò. Wọ́n á sọ òkò sínú omi kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe máa dún, bí ẹni pé òkò ìlú tiwọn kì í dún. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀ lọ wo àwọn obìnrin tó ń fọ irú lábẹ́ afárá, wọ́n á di imú, wọ́n á sì tún ra irú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Òrò náà ń wá lọ́jọ́ Sátidé, méjì méjì, takọtabo. Wọ́n ní àwọn wá wo ohun ìtàn, àmọ́ ojú ara wọn ni mo ń rí tí wọ́n ń wò.

Ìdí afárá yìí ni èmi ti ń ta wàrà, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Mo ń rà á lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní, mo ń dín in, mo ń fi ata gígún wọ́n ọn. Àlejò tó bá dúró pẹ́ ló ń ra wàrà. Ẹni tó bá ya fọ́tò ẹyọ kan tó sì wọkọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Bí mo ṣe di onítàn nìyẹn. Ohun tó sì ti ibẹ̀ jáde, ẹ̀rín ni mo ti fi ń bò ó láti ọdún tó kọjá, kò sì bò mọ́.

Ọkọ̀ àlejò kan ló dúró lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin kan tó wọ díńgí ojú dúdú bi mí pé, "Ìyá, ṣé ẹnì kan kú nígbà tí wọ́n ń kọ́ afárá yìí?" N kò mọ̀. Kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò níléèwé, a ò tíì dé orí afárá. Ṣùgbọ́n wàrà kún abọ́ mi, ọkùnrin náà sì ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, òpó kẹta tí ẹ ń wò yẹn, èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Odò kò gbà kó dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wó, àfi ìgbà tí wọ́n mọ ọkùnrin kan mọ́ ọn láàyè."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀. "Ará ibo ni ọkùnrin náà?"

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi àti obìnrin oníṣu kan láti Agbamu ti bú ara wa, nítorí iṣu tí inú rẹ̀ ti jẹrà tó tà fún mi. Orúkọ ìlú rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu mi. Mo ní, "Ará Agbamu ni. Ó fi ìyàwó tó lóyún sílẹ̀ nílé." Oyún yẹn, ńṣe ni mo kàn fi kún un bí ẹni tó wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Wọ́n ra wàrà mi tán. Ìyá Ọlọ́sàn tó máa ń pàtẹ tì mí dúró kí ọkọ̀ wọn lọ, ó ní, "Ìwọ yìí, ìgbà wo lo bá wọn kọ́ afárá?"

Mo ní, "Èmi ni mo po sìmẹ́ǹtì."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Láti ọjọ́ náà, mo ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Òrò fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú àwọn oní-irú wá sọ ìtàn náà fún èmi fúnra mi, ó ní ìyá ìyá òun ló sọ fún òun.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, bàbá arúgbó kan sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Fìlà rẹ̀ mọ́, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo odò, kò wo afárá, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀ tààrà.

"Ṣé ìwọ ni oníwàrà tó mọ ìtàn afárá?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ jókòó kí n bu wàrà fún yín."

"Wàrà kọ́ ni mo bá wá. Agbamu ni mo ti ń bọ̀."

Mo rò pé ẹbí oníṣu ni, pé ó wá gbẹ̀san. Mo ti ń wá èébú tó máa tó àgbà sílẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Inú oyún ni mo wà nígbà tí bàbá mi wá ṣiṣẹ́ afárá yìí. Kò padà wálé. Àwọn tí wọ́n jọ wá ní ó ti sá lọ sí Kùmásì, pé ó ti ní obìnrin lọ́hùn-ún. Ìyá mi kò ṣe opó, kò sì lọ́kọ, títí ó fi kú. Bí èmi àti ẹnikẹ́ni bá jà, wọ́n á ní, 'Ọmọ ìsáǹsá, lọ bá bàbá ẹ ní Kùmásì.' Mo ti ní ọmọ-ọmọ báyìí. Bí ìjà ilẹ̀ bá dé nínú ẹbí, wọ́n ṣì ń sọ ọ́." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan. "Ọmọ-ọmọ mi ló gbé fóònù wá, mo gbọ́ ohùn rẹ. Ará Agbamu, ìyàwó rẹ̀ lóyún. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ní kó tún un gbé sí i. Bàbá mi kò sá."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òótọ́. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, Bàbá." Irọ́ àkọ́kọ́, àlejò tí n kò mọ̀ rí ni mo pa á fún. Èyí, ojú rẹ̀ ni mo ń wò tí mo fi ń pa á, omi sì wà nínú ojú náà.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kú sójú ọ̀nà, bí a kò bá rí òkú rẹ̀ gbé wálé, irun àti èékánná rẹ̀ là ń mú bọ̀. Bí ìyẹn kò bá sí, a ó bu iyẹ̀pẹ̀ ibi tó kú sí, a ó sì sin ín sínú ilé rẹ̀. Mùsùlùmí ni bàbá yìí, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa wá bu iyẹ̀pẹ̀ ìdí òpó náà, kí àwọn àlùfáà tó ṣàdúà, kí òun tó ṣe sàráà. Ó ní kí n dúró kí n lè fi òpó hàn wọ́n.

Bó ṣe lọ tán, wàrà jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Ọlọ́sàn. Ó ní, "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oore lo ṣe. Bóyá òótọ́ tiẹ̀ ni, ta ló mọ̀?"

"Èmi mọ ibi tí mo ti rí i."

"Ṣé ìwọ ló máa wá gba bàbá rẹ̀ mọ́ bàbá arúgbó yẹn lọ́wọ́?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n lọ sọ òótọ́ fún bàbá lọ́jọ́ Ẹtì, kò jẹ́ kí n lọ ní Sátidé. Bí ọkọ̀ àlejò bá dúró, mo ń sọ fún wọn pé n kò mọ ìtàn kankan. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n wá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Agbamu.

Wọ́n ti ń fọ ìkòkò ńlá nínú agbo ilé wọn, àgbò sì wà lórí ìso. Bàbá nìkan ló jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, irọ́ ni. Èmi ni mo hun ún. Ìjà iṣu ló gbé Agbamu sí mi lẹ́nu."

Ó ní, "Oyún náà ńkọ́?"

"Mo kàn fi kún un ni."

"Ṣé o mọ̀ pé bàbá mi kò sá?"

"N kò mọ̀."

"Ṣé o wá mọ̀ pé ó sá?"

"N kò mọ ìyẹn náà, Bàbá."

Ó na ọ̀pá sí yàrá kan. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà níbẹ̀ yẹn. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí bàbá wa ń lọ. Ó sunkún pé òun máa tẹ̀ lé e, bàbá jágbe mọ́ ọn. Láti kékeré ló ti gbà pé igbe òun ló lé e lọ. Láti ìgbà tó ti gbọ́ ohùn rẹ, ó ń jẹun yó, ó ń bá àwọn ọmọ ṣeré. Dìde, wọlé, kí o sọ fún un."

Eékún mi kò gbéra nílẹ̀.

"O kò lè ṣe é?"

"N kò lè ṣe é, sà."

"Èmi náà kò lè ṣe é." Kò gbé ohùn sókè rárá, ìbá sì sàn fún mi ká ní ó jágbe mọ́ mi. "O ti ń pa irọ́ yìí láti fi ta wàrà. Lọ́la, wàá pa á lọ́fẹ̀ẹ́. Dìde ńlẹ̀, kí àwọn èèyàn má baà béèrè ohun tó ń ṣe ọ́."

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, wọ́n dé. Wọ́n gbé ìyá náà, ẹ̀gbọ́n bàbá, sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó kéré, ó gbẹ bí ẹ̀pà inú èèpo. Ó bi mí pé, "Èwo ni?" Mo na ọwọ́ sí òpó kẹta. Àbúrò rẹ̀ kò wò mí, omi ló ń wò. Ọmọ àbúrò náà ọkùnrin tó ti hewú wọ odò dé orúnkún, ó bu iyẹ̀pẹ̀ sínú aṣọ funfun. Ìyá náà kúnlẹ̀ sí etí odò bí wọ́n ṣe ń sọ pé kó má kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ó kí i bí ẹni ń kí ẹni tó ti oko dé.

Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi mú. "Ìwọ tó jẹ́ kí a rí bàbá wa, ohun tìrẹ kò ní sọ nù. Àwọn ọmọ rẹ kò ní wá ọ tì. Ọlọ́run kò ní gba òtítọ́ lẹ́nu rẹ."

Àbúrò rẹ̀ ṣe àmín, ó ṣe é sókè. Ó wá gbé ojú kúrò nínú omi, ó wò mí, ó sì ń dúró. Èmi náà ṣe àmín.