Ìwé tí Musu Fi Ń Di Ẹ̀pà

Òórùn ẹ̀pà sísun ni ìwé náà ń rùn. Musu tó ń ta ẹ̀pà ní ọjà Waterside ló ń fà á ya lójú-ewé kọ̀ọ̀kan, tó fi ń di ẹ̀pà fún oníbàárà. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ìwé sì wọ́n. Mo rí àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì níwájú ìwé náà, èmi tí mi ò kàwé púpọ̀ rò pé ìwé àdúrà ni, mo bá bẹ Musu, ó kó ìyókù rẹ̀ fún mi.

Àdúrà ni mò ń wá kiri nígbà yẹn. Ní Caldwell tí à ń gbé, Bàbá Káyọ̀dé, ọkọ mi, ti kọjú sí ògiri, kò jẹun mọ́. Káyọ̀dé, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, jáde lọ wá ìrẹsì nígbà ogun, kò wọlé mọ́. Ọkùnrin kan wá sọ fún wa pé òun rí i ní ibùdó àwọn tó sá fógun ní Gánà. A yọ̀, a tẹ́ ibùsùn rẹ̀ dè é. Irọ́ ni. Láti ìgbà tí a ti mọ̀ pé irọ́ ni, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí igi. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tó sọ ọ́ kò purọ́.

Rónkẹ́, tó ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló bá mi ṣí ìwé náà. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, àdúrà wo? Ìtàn olè nìyí o!"

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ló pòórá ní ìlú kékeré kan lókè òkun, ìyá arúgbó tó ń ta kéèkì ló wá ń wá olè náà kiri. Ojú tì mí. Àfi bí ohùn ọkọ mi ṣe ti ìdí ògiri wá: "Ta ló jí i?"

Bí Rónkẹ́ ṣe ń wá nírọ̀lẹ́ nìyẹn, tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wa. Tó bá ti ń kà á, ọkọ mi á máa jẹun.

"Ọlọ́pàá yẹn ni," ni yóò wí. "Ẹni tó ń jẹ kéèkì ọ̀fẹ́ tó báyìí, kí ni kò lè jí?"

"Bàbá, ẹ fi ọlọ́pàá sílẹ̀, ẹ jẹun."

"Ṣé ẹnu ìwọ ni mo fi ń jẹ ẹ́? Ka ìwé rẹ!"

Àṣé láti ẹ̀yìn ni Musu ti ń fa ìwé náà ya. Ìtàn já lójijì, ọkọ mi gbé ṣíbí sílẹ̀, ó tún kọjú sí ògiri. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí kò tọ́ oúnjẹ wò, mo sáré lọ sí Waterside.

Musu káwọ́ lérí. "Ol' Ma, da paper finish-o!" Àwọn oníbàárà ti jẹ ẹ̀pà, wọ́n ti ju ìwé nù.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìwé nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọjà. Momo tó ń ṣẹ́ owó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé wúrà ni mo sọ nù ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dìde, òun náà ń ṣà, ó sì pe àwọn alárù mọ́ ọn. Ewé kan ṣoṣo la rí, òróró ti rin ín gbingbin. Kì í ṣe òpin ìtàn.

Nígbà tí mo délé, Rónkẹ́ fà mí sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n hun òpin kan fún wọn. Kí n ní ọlọ́pàá ni."

Ó kù díẹ̀ kí n gbà. Mo rántí ọkùnrin tó wá purọ́ Gánà fún wa.

"Rónkẹ́, irọ́ ló dá a dùbúlẹ̀. A ò ní fi irọ́ gbé e dìde."

Mo wọlé, mo sọ ọ́ bó ṣe rí: "Bàbá Káyọ̀dé, a ò rí òpin rẹ̀. Bóyá a ò tiẹ̀ ní í rí i láé."

Ó yíjú kúrò lára ògiri. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwọn ará ìlú yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìsí agogo?"

Rónkẹ́ na ewé olóróró náà síwájú, ó kà á. "Wọ́n ń lọ, sà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀."

Ọkọ mi sunkún, ẹkún tí kò sun láti ìgbà Káyọ̀dé. Ó nu ojú, ó ní, "Ìrẹsì yẹn ti tutù ni?"

Láti Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ló ti ń kan ilẹ̀kùn kiri ní Caldwell. Flomo, aládùúgbò wa, a máa pariwo látinú ilé pé, "Papay, sun na come out yet!" Oòrùn kò tíì yọ lóòótọ́. Kò dá a dúró.

Ọkọ mi pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín ni. Ti olè agogo kò jẹ mí lógún mọ́. Ti Káyọ̀dé ni mo ṣì ń bi Ọlọ́run, mi ò sì ní í yé bi í. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, oorun kò kún ojú mi, mo wọ bàtà, mo lọ kan ilẹ̀kùn Flomo. Ó ti wọṣọ tán, ó jókòó, ó ń retí.