Góòlù Méje Tí Mo Sọ Di Ọ̀kan

Òógùn ti rin aṣọ mi gbindin kí n tó kan ilẹ̀kùn Àlàájì ní Rusaifah, ní Mẹ́kà, ṣùgbọ́n kì í ṣe oòrùn nìkan ló fà á. Olùkọ́ ìṣirò ni mí nígbà náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Jẹ́dà, èmi náà ni wọ́n fi ṣe alábòójútó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ti fiṣẹ́ sílẹ̀. A ò tíì borí ẹnikẹ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, mùdíírù, ọ̀gá wa pátápátá, sì ti búra pé bí n kò bá mú ẹlòmíràn wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òun yóò tú ẹgbẹ́ náà ká.

Àlàájì yìí ti kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún n'Ìbàdàn kó tó wá máa bójú tó ilé ìkẹ́rùsí ní Mẹ́kà. Ìyàwó rẹ̀, Àlàájà, gbé omi tútù fún mi. Ọmọbìnrin wọn, tí wọ́n bí síbẹ̀, tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Góòlù mélòó ni wọ́n fi nà yín kẹ́yìn?" Àlàájì bi mí.

"Ọ̀kan péré ni, sà."

Ọmọ náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Sab'a, yà bábà," ó fi Lárúbáwá sọ fún bàbá rẹ̀ pé méje ni. Ó ti rí èsì bọ́ọ̀lù náà lórí fóònù.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò lé e bá. Irọ́ tèmi kò pé ìṣẹ́jú kan. Àlàájì tẹjú mọ́ mi, mo sì gbé ife omi sílẹ̀.

"Àlàájì, ẹ dá àlejò lóhùn o," Àlàájà bẹ̀ ẹ́.

"Kí ló dé tó o fi parọ́ fún mi?"

"Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ń dójú tì mí, sà. Ẹ̀rù sì bà mí pé bẹ́ ẹ bá gbọ́ òótọ́, ẹ ò ní wá."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo máa wá. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá kọ́kọ́ sọ ohun tó o sọ yìí fún wọn."

Mùdíírù bá ilé iṣẹ́ Àlàájì parí ọ̀rọ̀ ìkàámà, ìwé ìgbélùú rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ tó dé, mo dúró níwájú àwọn ọmọ lórí pápá, mo sì jẹ́wọ́. Balógun wọn gbójú sókè.

"Ọ̀gá, nínú méjèèje, èwo lẹ kà?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àlàájì fọn fèrè, wọ́n sáré bọ́ sórí pápá.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré la borí lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n mùdíírù kò tú wa ká mọ́. Àlàájì ti padà sílé báyìí. Èmi ṣì ń kọ́ ìṣirò. Bí òbí bá wá bi mí léèrè ọmọ tó fìdí rẹmi, máàkì rẹ̀ gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà ni n óò sọ pé mo ṣì fẹ́ kọ́ ọ.