Ọkọ̀ Méjì Tí A Kò Wọ̀

Òkun ti gbé ilé ẹ̀kọ́ tí a máa ń dìbò níwájú rẹ̀ lọ, nítorí náà abúlé mìíràn tí a ń wọ ọkọ̀ dé ni wọ́n gbé ibùdó ìdìbò wa lọ. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì ìdìbò rẹ̀ ni. Aago méje àárọ̀ la ti wà létí omi.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé. Mo ka orí: èèyàn mẹ́rìndínlógún nínú ọkọ̀ tó yẹ kó gba méjìlá. Mo di ọmọ mi lọ́wọ́ mú. Ìkejì dé, òun náà kún àkúnjù.

"Ìyá, ṣé ìbò lẹ fẹ́ lọ dì ni àbí orí lẹ fẹ́ lọ kà?" awakọ̀ náà pariwo. Àwọn èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín.

"Máa lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní."

Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ìbò aṣòfin nìyí. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló máa lọ jókòó ní Àkúrẹ́. Ẹgbẹ́ tí èèyàn rẹ̀ bá pọ̀ jù níbẹ̀ ló máa yan abẹnugan ilé. Tí ẹni tó mọ ìyà wa ò bá sí láàárín wọn, ta ló máa sọ̀rọ̀ odi òkun tí kò ní jẹ́ kí omi gbé ilé wa lọ?"

"Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀."

Ó dé lóòótọ́, pẹ̀lú èèyàn mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n bí sétí omi, orí èèyàn ni mo ń kà, mi ò wo omi. Omi ti ń fà sẹ́yìn. Nígbà tí a wọ ojú odò tóóró, ọkọ̀ jókòó sórí ẹrẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀, a tì í, kò mì. A dúró títí omi fi padà kún.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la gúnlẹ̀. Ẹni tó bá ti wà lórí ìlà ní aago méjì ààbọ̀ ni wọ́n gbà kó dìbò. Àwọn tó wọ ọkọ̀ méjì yẹn ti dìbò tán, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì.

Ẹni tó ṣèlérí odi òkun kò wọlé. Ìbò méjì kò lè yí i padà. Mo ti ṣírò rẹ̀. Wọ́n yan abẹnugan, gómìnà fi orúkọ àwọn kọmíṣánnà ránṣẹ́, ilé fọwọ́ sí i. Ìjọba ti fìdí múlẹ̀. Òkun ti gbé ilé ìdáná wa lọ.

Nígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ dé, mo wo omi, ó kún dáadáa. Mo lọ jí ọmọ mi.

"Ẹ máa lọ, Mọ́mì. Èmi ò lọ mọ́."

Èmi ni mo kọ́ ọ pé ìbò kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wọ ọkọ̀.