Ẹran Ara Gàníyátù Dà?

Gàníyátù kú ní òwúrọ̀ Jímọ̀ tó kọjá, nínú yàrá mi ní Karu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abuja. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín bí ẹ̀sìn wa ti wí. Ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ kọ́ la sin. Apá kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ilé ìwòsàn ìjọba kan nílùú Abuja, òun ló jẹ́ kí n mú bírò.

Ọmọ ọmọ mi ni. Báǹkì ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé, iṣẹ́ tí wọ́n fún mi nílé ìwé àgbà ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Òun ló di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ orúkọ ara mi. Òwe ni mo fi ń san án fún un, torí Abuja ló dàgbà sí, Yorùbá rẹ̀ kì í já geere.

Nígbà tí jẹjẹrẹ yọ lọ́mú rẹ̀, wọ́n gé kókó náà nílé ìwòsàn yẹn. Mo mú aṣọ funfun dání lọ síbẹ̀, láti fi wé e lọ sin. Èmi ni mo ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i ní Ìlọrin. Ohun tó bá kúrò lára ènìyàn, ilẹ̀ la ń fi í fún.

Dókítà Jàbárù dá mi dúró. Ó ní, "Ìyá, ẹ fi sílẹ̀ fún wa. Inú rẹ̀ ni oògùn rẹ̀ wà." Ó ṣàlàyé pé ṣe ni jẹjẹrẹ ń wọ aṣọ ará ilé, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara fi ń jẹ́ kó kọjá. Wọ́n á lọ kókó náà, wọ́n á pa á kí ó má lè hù mọ́, wọ́n á fi gún Gàníyátù bí abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè mọ ojú ọ̀tá, kí wọ́n sì lé ìyókù tó sá pamọ́. Ìwádìí ni, kò ṣèlérí ìwòsàn.

Gàníyátù rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà, òwe yín nìyẹn o. Olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí... lórí kí ni?"

"Lórí àpáta, olórí kunkun."

Mo ká aṣọ mi, mo fi ẹran ara ọmọ mi sílẹ̀ fún wọn.

Inú fírísà yàrá ìwádìí wọn tuntun ni wọ́n gbé e sí. Lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀gá ńlá wá ṣí yàrá ìwádìí náà, wọn kò rí ibi tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn yóò ti gba iná. Wọ́n yọ okùn iná fírísà, wọ́n ki ti gbohùngbohùn bọ ibẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n gé ríbọ́nù, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, wọ́n lọ jẹun. Kò sẹ́ni tó dá okùn padà. Òórùn ẹran tó ti rà ló pè wọ́n padà.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà kún yàrá yẹn, tàwọn ti fìlà.

Dókítà Jàbárù ló sọ ọ́ fún mi, kò lè wo ojú mi. Kò sí òmíràn tí wọ́n lè gé mọ́. Jẹjẹrẹ ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀gá rẹ̀ wá ní, "Ìyá, ẹ fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Ṣé Ọlọ́run ló yọ okùn ni? Ṣé Ọlọ́run ló ń wá ibi tí yóò ti fi gbohùngbohùn sọ̀rọ̀?

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Jẹjẹrẹ ni ikú ilé àkọ́kọ́. Ta ni ìkejì?

Mi ò sọ pé abẹ́rẹ́ náà ìbá wò ó sàn. Wọn kò jẹ́ ká mọ̀ ni.

Ẹ̀yin ará ilé ìwòsàn náà, ẹ dárúkọ ẹni tó yọ okùn náà, àti ọ̀gá tó ní kó yọ ọ́. Àwọn aláìsàn yòókù tí ẹran ara wọn wà nínú fírísà yẹn, ṣé ẹ ti sọ fún wọn? Lẹ́yìn náà, ẹ mú mi lọ síbi tí ẹ da ti Gàníyátù sí. Sàréè rẹ̀ ṣì rọ̀. Aṣọ funfun náà ṣì wà ní kíká lọ́wọ́ mi.